Ta Ló Ń Bu Omi Inú Adágún?

Aṣèwádìí fi ìka ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Kò yí padà. Láti ibi ilà pupa tó fi ọ̀dà fà sára òkúta ní ìrọ̀lẹ́ àná, títí dé ibi tí omi dúró sí láàárọ̀ yìí, ó tó ìwọ̀n ìka méjì. Omi adágún náà ti lọ sílẹ̀. Àwọn ẹja kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ kiri lábẹ́ ewé òṣíbàtà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi sì ń kùn bó ṣe ń kùn lójoojúmọ́.

"Ẹnìkan ń bu omi mi," ó sọ fún ara rẹ̀.

Ó wo ẹ̀yìn. Ó wo orí ògiri. Ó wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì rí i pé ó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó dá a lójú pé òun ti tì í kí òun tó lọ sùn.

Aṣèwádìí kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló fún un, nítorí pé kò sí ohun tí olùkọ́ máa sọ tí kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Orúkọ náà bá a wọlé, ó sì mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu débi pé ìyá rẹ̀ gan-an ti ń fi pè é. Orúkọ ńlá ni fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ó rí i láìpẹ́ bóyá ó yẹ ẹ́.

Ìgbà ìsinmi ló gbẹ́ adágún náà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn ló fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n, tó ní ẹni tó bá lè ṣe irú rẹ̀ sẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀, òun fúnra òun á wá wò ó. Àwọn yòókù fi ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣèwádìí lọ gbé ṣọ́bìrì. Ó gbẹ́ kòtò kan tó mu ún dé itan, ó ṣa gbogbo òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó kúrò níbẹ̀, ó tẹ́ àwọn kúbùsù àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ kò lò mọ́ sí i kí òkúta má baà dá ọ̀rá lu, ó wá tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn lé wọn lórí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ṣe kòtò kejì sí, èyí tó kéré, tó sì fi ga ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀. Kòtò asẹ́ ló ń pe èyí. Ó tẹ́ ọ̀rá sínú òun náà, ó fi kúbùsù kan lé ọ̀rá lórí, ó da òkúta wẹ́wẹ́ kún un, ó sì gbin kókò àti koríko etí odò sáàárín òkúta náà láìfi iyẹ̀pẹ̀ sí i rárá.

Iṣẹ́ kòtò asẹ́ yìí rọrùn láti lóye. Ẹ̀rọ kékeré á fa omi ìdọ̀tí láti inú adágún, páìpù á gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́, omi á máa rọra gòkè láàárín òkúta àti gbòǹgbò, ìdọ̀tí á ti há síbẹ̀ fún kókò láti jẹ, omi tó mọ́ á sì ṣàn padà sọ́dọ̀ àwọn ẹja. Àwọn ẹja ní tiwọn á máa jẹ tanwíjí kó má baà di ẹ̀fọn. Ìrọ̀lẹ́ tí Aṣèwádìí kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, tó rí i tí omi tó mọ́ gaara ń dà padà, ó jó yí adágún po. Ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ lójú fèrèsé ní kó rọra, kó má lọ di ẹja kún ẹja.

Ọjọ́ kejì ni Jẹ́jẹ́ dé.

Ọmọ ọkọ ìyá rẹ̀ ni. Bàbá tó bí Aṣèwádìí ti kú tipẹ́, ìyá rẹ̀ sì ti fẹ́ awakọ̀ akẹ́rù kan, ọkùnrin aláwàdà tó máa ń rin ìrìn-àjò ju bó ṣe ń gbé ilé lọ. Ọmọ ọkùnrin yìí ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tẹ́lẹ̀. Ó dé pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, ó kí gbogbo ilé, ó bi wọ́n níbi tí òun lè gbé bàtà òun sí. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀. Èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú báyìí, á sì rí i pé ó ti wà lẹ́yìn òun. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́ nìyẹn, Aṣèwádìí ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ ìyá rẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé fóònù kan sọnù lọ́dọ̀ àǹtí yẹn, wọ́n sì ní Jẹ́jẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kí ni aṣèwádìí kan tún ń wá?

"Màmá, ẹnìkan ń bu omi adágún mi," ó sọ nígbà tí wọ́n jókòó jẹun àárọ̀.

Ìyá rẹ̀ ń wọn aṣọ kan tó fẹ́ gé. Kò gbójú sókè. "Kí ni èèyàn fẹ́ fi omi ẹja ṣe?"

"Omi ṣọ̀wọ́n, mà. Ìgbà wo ni omi ẹ̀rọ yọ gbẹ̀yìn ní àdúgbò yìí? Ẹni tó bá ń ṣe é kó mọ̀ pé mo ti fàlà sí i." Jẹ́jẹ́ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ó lọ sílẹ̀ tó báwo?" Jẹ́jẹ́ béèrè.

"Ó tó bí o ṣe mọ̀ ọ́n."

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè wàyí. "Ta lò ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni? Bọ̀dá ẹ ni. O ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń ju òkúta."

"Ẹ má bínú, mà," Aṣèwádìí ní. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìyá rẹ̀ ló bẹ̀. Jẹ́jẹ́ kó abọ́ tó fi jẹun, ó fọ̀ ọ́, ó da ojú rẹ̀ dé, ó sì jáde.

Nílé-ìwé lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rédíò jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí. A kì í tan Rédíò kó tó sọ̀rọ̀, kì í sì í kú. Aṣèwádìí ti sọ ọ̀rọ̀ fóònù fún un, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ìdajì kíláàsì ti mọ̀.

"Mo rí i," Rédíò ní. "Bọ̀dá ẹ. Ní oríta, níbi tí àwọn kan ti máa ń fọ mọ́tò àwọn onítakisí láàárọ̀ kùtù. Garawa wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Garawa?"

"Garawa aláwọ̀ ewé. Kí ni ẹni tí kì í ṣe afọmọ́tò ń fi garawa ṣe lọ́dọ̀ àwọn afọmọ́tò? Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Ọkàn Aṣèwádìí gbóná. Aláwọ̀ ewé ni garawa tó máa ń wà ní ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn. Àwọn afọmọ́tò nílò omi, omi ò sì sí. Ọ̀rọ̀ náà so pọ̀ dáadáa, bí aṣọ tí ìyá rẹ̀ rán.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé láti ìgbà tó ti sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ yẹn, omi ò lọ sílẹ̀ mọ́. Bó bá jí láàárọ̀, á sáré lọ wo ilà pupa rẹ̀, á sì bá omi níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹlòmíràn á dúpẹ́. Aṣèwádìí ò dúpẹ́. Ó ní olè náà ti mọ̀ pé òun ń ṣọ́ ọ, ó ń dọ́gbọ́n. Bí omi bá lọ, Jẹ́jẹ́ ló bù ú. Bí omi ò bá lọ, Jẹ́jẹ́ ló ń bẹ̀rù. Kò sí ohun tí omi ọ̀hún lè ṣe lágbàáyé yìí tí kò ní kó bá Jẹ́jẹ́.

Ó sì ń kó ẹ̀rí jọ. Ó kíyè sí i pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò Jẹ́jẹ́ máa ń tutù láàárọ̀. Ó kíyè sí i pé garawa aláwọ̀ ewé máa ń tutù nínú nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì wẹ̀. Ó rí ojú ẹsẹ̀ lára ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ adágún. Ó tún rí i pé koríko ẹ̀yìn kòtò asẹ́ ń hù dáadáa, ó tutù yọ̀yọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n èyí ò kan Jẹ́jẹ́, nítorí náà kò bìkítà fún un.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó jí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ilé ìdáná, ó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Jẹ́jẹ́ wà níta. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí adágún, garawa aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu garawa náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Aṣèwádìí gbọ́ ìró omi. Kò dúró wo èyí tó kù.

"Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́!" ó kígbe bó ṣe já jáde.

Jẹ́jẹ́ fò sókè. Garawa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lu òkúta, omi tó wà nínú rẹ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Mò ń bomi sí i ni," Jẹ́jẹ́ ní. "Ó ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Mo ní kí n máa bomi sí i kí ẹja ẹ má baà kú."

"Ìwọ? Ò ń bomi sí i? Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Níbo lo ti rí omi? Àgbá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò dín."

"Ní oríta. Mo máa ń bá àwọn tó ń fọ mọ́tò nu mọ́tò kan, wọ́n á fún mi ní omi garawa kan látinú kànga wọn."

Ibi tó yẹ kó ti gbà á gbọ́ gan-an ni ìfura rẹ̀ ti di òkè. Oríta! Afọmọ́tò! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́! "Ẹ gbọ́ o, Màmá!" ó pariwo. "Ó ti sọ ọ́! Àwọn afọmọ́tò ló ń gbé omi mi lọ fún!"

Ìyá rẹ̀ ti jáde, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ó wo ọmọkùnrin náà, ó wo garawa, ó wo ọmọ rẹ̀. "Dúró ná," ó ní. "Aṣèwádìí, wò mí lójú. Ṣé o rí i pé ó bu omi jáde nínú adágún yìí? Mi ò ní ṣé o rò ó. Mo ní ṣé o rí i?"

Kò rí i. Aṣèwádìí mọ̀ pé òun ò rí i. Ẹ̀yìn èèyàn ló rí, àti garawa, ó sì gbọ́ ìró. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń ṣọ́ ọ, Rédíò ń dúró de ìròyìn, olùkọ́ sì máa wá wo adágún náà ní Ọjọ́ Ajé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó dá a lójú. Ohun tó bá dá èèyàn lójú, ó máa ń rọrùn fún un láti sọ pé òun rí i.

"Mo rí i, mà," ó ní. "Ojú mi ló ṣe."

Jẹ́jẹ́ wò ó. Ó gbé garawa, ó da ojú rẹ̀ dé síbi tó ti gbé e, ó wọlé lọ.

Ọkọ ìyá rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ mìíràn, àwàdà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, ó jókòó ní pálọ̀ láìbọ́ bàtà, ó sì pe ọmọ rẹ̀ síwájú.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Wọ́n rí ẹ."

"Mo ti ṣàlàyé, sà." Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀. "Lọ́dọ̀ Àǹtí náà, mo ṣàlàyé títí. Ọjọ́ tí wọ́n sọ pé omi ń lọ, mo ti mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa wò. Mo ní bí mo bá ń bomi sí i, tí kò lọ sílẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ náà á tán nílẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé tí wọ́n fi ń gba èèyàn gbọ́."

Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ nu ojú. Ojú ń tì í, ẹni tí ojú ń tì kì í sì í gbọ́ àlàyé dáadáa. "Àǹtí ẹ ò purọ́ mọ́ ẹ, àbúrò ẹ náà ò purọ́ mọ́ ẹ, ìwọ nìkan lo ń sòótọ́? Mi ò lè kó ìtìjú bá obìnrin yìí nínú ilé ẹ̀. Múra. Lọ́sàn-án ọ̀la, tí mo bá ti gbé ẹrù, wàá bá mi lọ. Mo mọ ọ̀gá kan níbi tí mo ń gbé ẹrù lọ, wàá dúró kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀."

"Ìdánwò àṣekágbá mi ńkọ́, sà?"

"Ìdánwò á dúró ná."

Aṣèwádìí tó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rò pé inú òun máa dùn. Inú rẹ̀ ò dùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó lọ wo ilà pupa rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ àná, omi tún ti lọ sílẹ̀ ní ìka méjì.

Ó tún un wọ̀n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ sùn ní pálọ̀, bàbá rẹ̀ ló sì fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn sábẹ́ ìrọ̀rí. Bóyá ẹyẹ ló ń mu ún, Aṣèwádìí ní lọ́kàn ara rẹ̀. Ó gbìyànjú láti ro irú ẹyẹ tí yóò mu ìka méjì omi adágún kí ilẹ̀ tó mọ́, ó rí i pé ẹyẹ náà yóò tó màlúù. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ wéré, ó wọlé, kó má baà rò ó jìnnà.

Nǹkan bí ọ̀sán, ìyá rẹ̀ pariwo láti yàrá ìránṣọ. "Ta ló ṣe mí báyìí? Wo ilẹ̀ yìí!"

Aṣọ òwú ló rẹ sínú abọ́ ńlá kan. Bó bá fẹ́ rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ oníbàárà rẹ̀, á kọ́kọ́ rẹ aṣọ náà sómi kó sún kì tán kó tó gé e. Abọ́ náà kún nígbà tó gbé e kalẹ̀. Ó ti dín sí ìdajì báyìí, omi sì ti tàn ká ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Abọ́ ò lu, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án. Etí aṣọ kan ló yọ jáde nínú abọ́, ó fì sílẹ̀, omi sì ń kán tó tó tó láti ẹnu rẹ̀.

"Èmi náà ni," ìyá rẹ̀ ní. "Mo gbàgbé láti ki etí rẹ̀ bọnú. Bí aṣọ bá ti fì síta báyìí, gbogbo omi inú abọ́ ló máa fà síta. Lọ mú nǹkan ìnulẹ̀ wá."

Aṣèwádìí ò lọ mú nǹkan ìnulẹ̀. Ó ń wo etí aṣọ náà. Tó. Tó. Tó. Ó rántí kúbùsù tó tẹ́ sórí ọ̀rá nínú kòtò asẹ́. Ó rántí pé kúbùsù náà gùn ju kòtò lọ, pé òun fẹ́ gé etí rẹ̀, pé ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́jọ́ náà, tí òun sì ń kánjú láti tan ẹ̀rọ. Ó rántí pé ńṣe ni òun kàn fi òkúta bo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn kòtò asẹ́, níbi tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀, ó ń ká òkúta kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kúbùsù náà wà níbẹ̀. Ó ti kọjá etí ọ̀rá, ó fì sórí ilẹ̀, ó tutù rinrin, ẹrẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó gbé gbogbo ọwọ́ rẹ̀ mì. Òun ló tẹ́ ẹ síbẹ̀. Látìgbà tó ti tan ẹ̀rọ náà ni kúbùsù ti ń fa omi jáde, lọ́sàn-án, lóru, Jẹ́jẹ́ sì ń lọ nu mọ́tò kó tó lè dá a padà.

Aṣèwádìí wọlé, ó mú sísọ́ọ̀sì ńlá ìyá rẹ̀, ó sì padà síbẹ̀. Gígé kan ṣoṣo ni. Bó bá gé e, tó da òkúta bò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Omi ò ní lọ mọ́. Gbogbo ènìyàn á sì sọ pé, "Ẹ ò rí i? Látìgbà tí ọmọ yẹn ti lọ, omi ò lọ mọ́." Àní ìyẹn gan-an á tún di ẹ̀rí. Olùkọ́ á wá, á yìn ín. Rédíò á sọ ọ́ káàkiri. Ó rí gbogbo rẹ̀ lójú ara rẹ̀ bí ó ṣe máa lọ geere, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á.

Fèrè ọkọ̀ dún níwájú ilé. Ọkọ ìyá rẹ̀ ń pe ìyàwó rẹ̀ kó wá dágbére.

Aṣèwádìí gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí òkúta. Kò gé kúbùsù náà. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde síta, ẹrẹ̀ lọ́wọ́, ẹrẹ̀ lórúnkún. Jẹ́jẹ́ ti jókòó síwájú ọkọ̀ akẹ́rù náà, báàgì rẹ̀ kan ṣoṣo wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ dúró, sà! Dádì, ẹ dúró!" Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Kò bu omi kankan. Èmi ni. Kúbùsù tí mo tẹ́ ló ń fa omi jáde, ó wà níbẹ̀, mi ò tíì gé e, ẹ wá fojú ara yín rí i."

Ìyá rẹ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ní, "Ṣùgbọ́n o sọ pé o rí i."

"Mi ò rí i, mà."

"Mo bi ẹ́. Mo ní kí o wò mí lójú."

"Mi ò rí i, mà. Mo purọ́."

Wọ́n lọ wò ó, gbogbo wọn, àfi Jẹ́jẹ́ tí kò sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ ìyá rẹ̀ fi ìka tẹ kúbùsù náà, omi tú jáde lára rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó nàró. Nígbà tó padà dé ìdí ọkọ̀, kò mọ ibi tó máa wò. "Ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀," ó ní. "Èmi gan-an ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Mi ò gbọ́ tìẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ, sà," Jẹ́jẹ́ ní. "Màá bá yín padà wá ṣe ìdánwò mi. Mo kàn fẹ́ wà níbi tí wọn ò ti ń ṣọ́ mi fún ìwọ̀nba ọjọ́."

"Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," Aṣèwádìí ní. Omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó pè é bẹ́ẹ̀.

Jẹ́jẹ́ wò ó látòkè. "Adágún ò kún," ó ní. "Wá omi sí i." Ọkọ̀ sì gbéra.

Ìyá rẹ̀ ò nà án. Ì bá sàn kó nà án. Ohun tó sọ ni pé, "Láti òní lọ, bí o bá sọ fún mi pé o rí nǹkan, màá máa lọ wò ó fúnra mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Aṣèwádìí ju ẹgba lọ, ó sì pẹ́ gan-an kí ìyá rẹ̀ tó jáwọ́ níbẹ̀.

Ó gé kúbùsù náà. Ó gbé garawa aláwọ̀ ewé, ó sì lọ sí oríta. Àwọn afọmọ́tò wo garawa, wọ́n mọ̀ ọ́n.

"Ọ̀rẹ́ wa ńkọ́?" ọ̀kan nínú wọn béèrè. "Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé ẹja àbúrò ẹ̀ yẹn ò tíì kú? Òun nìkan la rí tó ń nu mọ́tò nítorí ẹja."

Àbúrò ẹ̀. Bó ṣe ń pè é lẹ́yìn nìyẹn. Aṣèwádìí gbé garawa sílẹ̀. Wọ́n na àkísà sí i, ó nu mọ́tò kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n fún un ní omi, ó sì gbé e délé. Garawa náà wúwo. Nígbà tó fi máa dé ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀ ti tutù.

Ní Ọjọ́ Ajé, kí olùkọ́ tó dé, ó dúró níwájú kíláàsì, ó sì sọ bó ṣe jẹ́, nítorí pé níbẹ̀ ni orúkọ Jẹ́jẹ́ ti bà jẹ́. Rédíò ń wo tábìlì rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí olùkọ́ dé ẹ̀yìnkùlé wọn lọ́sàn-án, tó rí omi tó mọ́ gaara, tó béèrè ẹni tó ràn án lọ́wọ́, Aṣèwádìí ní, "Bọ̀dá mi ni, sà. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Òun ni kò jẹ́ kó gbẹ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí lọ sílé: ohun tí ẹ rò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ rí, bó ti wù kó dá yín lójú tó. Bí iṣẹ́ yín bá bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ọwọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín fi ṣe é wò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ẹ máa dárúkọ. Bí ẹ bá sì ti ṣì í sọ, ẹ tètè sọ òtítọ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Jẹ́jẹ́ padà dé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìwọ̀nba ọjọ́. Ó kí gbogbo ilé, ó gbé bàtà rẹ̀ síbi tó máa ń gbé e sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Aṣèwádìí gbọ́ tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná rọra ṣí. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ń lọ sẹ́yìnkùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Kò mọ ohun tó lọ ṣe níbẹ̀.

Kò dìde lọ yọjú. Ó fa aṣọ bora, ó sì sùn padà.